Ìró Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ní Kika, mo sì sáré dé Sanson. Mo ti jókòó, mo ti bu omi mu, mo ti kí ará ilé tán, kí ikọ́ náà tó wọlé bá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé èrò níwájú ibùdókọ̀ ojú irin ní Tchaourou. Wọn a rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn a sì ní, "Tonton, irọ́ yín yìí kò ní ìjánu." Èmi náà a ní irọ́ tó bá ní ìjánu kì í dé ibi tó ń lọ.

Irọ́ kan wà tí mo pa tó dé ibi tó ń lọ. Ìyàwó mi ni mo pa á fún, nítorí ọmọ wa. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ibùdókọ̀, mo ṣì ń sọ ti ikọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn ń dé etí mi bí ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ní abúlé mìíràn.

Mo ka ìwé díẹ̀. Ọdún mẹ́rin. Àwọn kan ń sọ pé mo sá kúrò níléèwé. Kò rí bẹ́ẹ̀, iléèwé ló sá kúrò lọ́dọ̀ mi. Bàbá mi ló ní ọkọ́ kò lè máa dúró de ẹni tó ń kọ "a" sára pátákó. Ohun tí mo mú jáde níbẹ̀ kò kún ọwọ́: mo mọ orúkọ mi kọ, mo mọ ìṣirò àròpọ̀, mo sì mọ bí ìró ṣe ń rìn.

Olùkọ́ wa ló fi hàn wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ará ìsàlẹ̀ lọ́nà Cotonou lọ́hùn-ún, tí bàtà rẹ̀ kì í bá ilẹ̀ wa mu. Ó kó wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin reluwé ní ọjọ́ kan tí ọkọ̀ kò ní kọjá, ó ní kí a dùbúlẹ̀, kí a gbé etí kan lé irin, kí a fi ìkejì sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Òṣìṣẹ́ reluwé kan dúró sí ọ̀nà jíjìn réré, ó gbé òòlù sókè, ó lu irin. Ẹ̀ẹ̀kan ló lù ú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Èkíní gba inú irin wá, ó ta mí létí bí ẹ̀gún. Èkejì gba inú afẹ́fẹ́, ó pẹ́ díẹ̀, ó wá dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìkómọ tó wá ń tọrọ gáfárà lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ ní mítà òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni ìró ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó bá sì yára jù ú lọ ni yóò máa fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo gbàgbé gbogbo ohun yòókù. N kò gbàgbé èyí.

Oko ló jẹ́ kí n má gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ebè ní ìhà kejì àfonífojì, èmi ń kọ tèmi níhà ìhín. Mo ń rí ọkọ́ rẹ̀ tó balẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí ọkọ́ bá tún ti wà lókè orí rẹ̀ ni "gbì" yóò tó dé, bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ń kọ ebè sí. Mo sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ìwọ tí ò ń ka ìró ọkọ́ ẹlòmíràn, mélòó ni ebè tìrẹ?" Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ọkọ̀ ojú irin náà kò kọjá mọ́, koríko ti hù láàárín irin méjèèjì, ewúrẹ́ ń jẹ níbẹ̀. Bí o bá gbé etí lé irin náà lónìí, òtútù nìkan ni wàá gbọ́.

Bọ́n, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ sọ.

Àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin lọ ṣe ṣọ́jà. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí tí wọ́n ti gbé e lọ sí òkè pátápátá, sí ẹnubodè tí àwọn oníbọn ti ń yọ láti inú igbó. Ibi tí wọ́n wà kò ní réṣò, fóònù kì í gba ìpè níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú ra nǹkan ló ń pè wá, lóṣooṣù, nígbà mìíràn ó di oṣù méjì. Láàárín ìpè kan sí èkejì, bàálù ológun nìkan ló ń ti ọ̀nà ibẹ̀ wá, tó sì ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọjá lórí oko wa, eérú ní àwọ̀, wọ́n yára bí ẹni tí a ń lé.

Ìyá ọmọ kò bẹ̀rù ejò. Kò bẹ̀rù iná oko kajú. Mo ti rí i tó fi ẹ̀ka igi tútù pa iná tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta sá fún. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ti kọjá báyìí, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò já bọ́. Kò ní jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ó ń gbẹ mọ́ mi lójú. Èmi tó ń fi ọ̀rọ̀ pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín, n kò rí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi gbé òkèlè kan sí ìyàwó mi lẹ́nu.

Ìgbà kajú, ní ọdún tó kọjá, a ń ṣa kóró lábẹ́ igi lówùúrọ̀ nígbà tí ọ̀kan kọjá. A rí i tó tàn yanran lójú oòrùn, ó ti dé òdìkejì igbó kí ìró rẹ̀ tó bú lé wa lórí. Agbada kóró já bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọmọ, gbogbo rẹ̀ dà sínú ewé gbígbẹ.

"Bàbá ọmọ, kí ni wọ́n tún ń lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo wo kóró tó dà sílẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"O rí i nígbà tó kọjá?"

"Mo rí i."

"Ìró rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti dé nígbà tí o rí i?"

"Kò tíì dé. Ó kọjá tán kó tó dún."

Mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyẹn ni pé ara ọmọ le."

"Báwo?"

"Ṣé o kò mọ̀ ni? Àwọn tó ń wa bàálù fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi ní Parakou. Bí ìró bá tẹ̀lé bàálù lẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun tiwọn tó wà níbẹ̀ wà ní àlàáfíà. Ìró tó bá ṣáájú bàálù dé, òun ni ìròyìn burúkú. Ẹsẹ̀ ìròyìn burúkú ló yá."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Àwọn awakọ̀ òfúrufú bá yín sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin?"

"Kí ló ṣe èmi? Sìgá ni mo fún ọ̀kan nínú wọn."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í fún ènìyàn ní ìṣáná!"

Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa kóró rẹ̀ padà sínú agbada. Nígbà tó di ọ̀sán, ó jẹun.

Ẹ wò ó, n kò pa irọ́ náà bí ọmọdé. Mo kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ àká iṣu: mo wo gbogbo ibi tí eku lè gbà wọlé, mo sì dí i. Bàálù yára, ìró kò yára tó o. Kò sí ọjọ́ tí ìró rẹ̀ yóò ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn ni pé kò sí ọjọ́ tí ìròyìn burúkú yóò dé oko wa. Mo gbé ayé fúnra rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí irọ́ mi, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, láti ìgbà tí bàálù bá ti tàn lójú ọ̀run títí ìró yóò fi dé. Á pariwo láti ibi ààrò pé, "Mọ́kànlá lónìí, Bàbá ọmọ!" Èmi á ní, "Mọ́kànlá kẹ̀? Á jẹ́ pé ó ń jẹ ẹran." Tata tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, onígbàgbọ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀ wà ní ibùdó kan náà, wá ń bá a kà. Wọn a jọ nàka sókè, ọ̀kan a ní mẹ́sàn-án, èkejì a ní mẹ́wàá, wọn a bá ara wọn jà. "Ìwọ ń kà á bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà," ni ìyá ọmọ máa ń sọ fún un. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi jẹ́ olówó nínú ilé ara mi.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa oko wa kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Nílé tiwa, ẹni tó bá rin ìrìnàjò kò ṣàìní ebè. Lọ́dọọdún a máa ń kọ ogún ebè sí orúkọ rẹ̀ ní ìparí aporo, a ó gbin iṣu sí i, a ó sì wa gbogbo oko kí a tó dé ibẹ̀. Tirẹ̀ ló ń kẹ́yìn, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dé. Ẹni tó bá kú sí ìrìnàjò nìkan ni à ń wa tirẹ̀ ṣáájú, nítorí àlejò yóò wá, a kì í sì í fi iṣu ẹlòmíràn bọ́ àwọn tó wá síbi fìdáù rẹ̀. Bàbá mi bá a bẹ́ẹ̀, èmi náà bá a bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí òjò ọdún yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti kọjá tí ọmọ kò pè. A wà lóko lówùúrọ̀, ọ̀run ṣú, ìkúùkù wà nílẹ̀ débi pé ó kan orí igi kajú. Èmi ń tú koríko, ìyá ọmọ ń tún ọ̀pá tó ṣubú gún sí ẹsẹ̀ iṣu. Ìró kan bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà òkè. Gbù-gbù-gbù-gbù. Kò bú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń rọra pọ̀ sí i ni.

Ìyá ọmọ gbé ojú sókè. Ó gbé ìka ọwọ́ sókè pẹ̀lú, ó fẹ́ kà.

"Ibo ló wà?" ó ní. "Bàbá ọmọ, n kò rí i. Ibo ló wà?"

Èmi náà wò títí, n kò rí nǹkan kan. Ìró náà ń pọ̀, ewé ń gbọ̀n. Nígbà náà ló tó yọ lókè igi: ẹ̀lìkọ́pítà, dúdú, kò ga, abẹ́ rẹ̀ ń lọ lórí wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kọjú sí Cotonou.

Eku ti rí ihò. N kò ronú kan irú èyí. Kò yára, ìró rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ bí ajá ọdẹ.

Ìyá ọmọ kò pariwo. Ó ní, "Ìró ló ṣáájú."

Mo ní, "Èyí kì í ṣe bàálù. Ẹ̀lìkọ́pítà ni. Òun kì í…"

"Ṣé ẹ bi awakọ̀ yín nípa irú èyí?"

Ẹnu mi, tó ti ru irọ́ láti Kika dé Sanson, kò ru nǹkan kan. Ìyá ọmọ fi ọ̀pá sílẹ̀, ó mú ọkọ́ mi nílẹ̀, ó sì gba ìparí aporo lọ, síbi ogún ebè ọmọ. Kí n tó dé ibẹ̀ ó ti tú ọ̀kan. Iṣu náà kò tíì gbó, ìdí rẹ̀ ṣì funfun. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọjú sí èkejì.

Mo di ọkọ́ mú. "Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Àlejò ń bọ̀."

"Kò sí àlejò tó ń bọ̀! Irọ́ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. N kò bá awakọ̀ kankan sọ̀rọ̀ rí. Bàálù ló yára ju ìró lọ, ẹ̀lìkọ́pítà kò yára tó o, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iléèwé ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n fi irin reluwé kọ́ wa."

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó ń ta ọjà tí kò dá a lójú.

"Irọ́?"

"Irọ́ ni."

"Láti ìgbà kajú ọdún tó kọjá?"

"Láti ìgbà náà."

"Gbogbo ìgbà tí ẹ ní ara rẹ̀ le, ẹ kò mọ̀."

"N kò mọ̀."

"Oúnjẹ tí mo ń jẹ," ó ní, "ẹ̀ ń wò mí tí mo ń jẹ ẹ́." Ó wá bi mí pé: "Ẹni tó purọ́ kí n lè jẹun, ṣé kò lè purọ́ kí n má baà wa iṣu? Èwo ni irọ́ níbẹ̀, Bàbá ọmọ? Ti àkọ́kọ́ ni, àbí ti ìsinsìnyí?"

Mo fi Ọlọ́run búra. Ó ní mo ti fi Ọlọ́run búra nípa ikọ́ rí. Òótọ́ ni, mo ti búra.

Ó wa ebè méje kí agbára rẹ̀ tó tán. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù, mo ń wò ó. Mo ru iṣu méje náà délé, ó sì ní kí n kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti rí wọn. Láràárọ̀ ló ń gbá iwájú ilé, ó ń tẹ́ ẹní sí i. Bí alùpùpù bá ti dún lójú ọ̀nà, yóò dìde, yóò tún gèlè rẹ̀ wé. Tata onígàrí náà kò wá kà mọ́. Ó ń gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi kànga. Èmi ń gun orí òkìtì reluwé lójoojúmọ́, níbi tí réṣò ti dára díẹ̀, mò ń pe nọ́ńbà ọmọ. Obìnrin inú fóònù á sọ Faransé rẹ̀ fún mi, ohùn kan náà, kò bínú, kò káàánú.

Ní ọjọ́ kẹfà, lẹ́yìn ìrun alásàrí, fóònù dún nínú àpò mi. N kò mọ nọ́ńbà náà. Mo tẹ ibi tí gbogbo ilé yóò fi gbọ́, mo gbé e sí àárín wa lórí ẹní.

"Ìyá, èmi ni o."

Mo fi igbọ̀nwọ́ gún ìyá ọmọ.

"Ta ni?" ó ní.

Ìdákẹ́jẹ́. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn tó dé: "Èmi ni, Ìyá. Fóònù ẹlòmíràn ni. Wọ́n ti gbé wa kúrò níbi tí a wà."

"Ṣé ara rẹ le?"

Ìdákẹ́jẹ́ tún ni. Bẹ́ẹ̀ ni réṣò ibẹ̀ ṣe rí, ọ̀rọ̀ kì í tètè dé. Nígbà náà ni mo rí ọwọ́ ìyá ọmọ lábẹ́ ìborùn. Ìka rẹ̀ ń lọ: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

"Ara le, Ìyá."

Ó mí. Mo rí i tó mí.

Ọmọ ní òun kò lè pẹ́. Ó ní ẹni tí àwọn jọ ń jẹun nínú àwo kan ti kú, ọmọ ará ìsàlẹ̀; wọ́n fi ẹ̀lìkọ́pítà gbé e lọ fún àwọn òbí rẹ̀, ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà. Ó ní kí a bá òun ṣe àdúà fún un. Lẹ́yìn náà fóònù kú, kò sì ké mọ́.

Mo ti ń múra láti dúpẹ́. Mo yíjú sí ìyá ọmọ, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kó bú mi. Ǹ bá gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Iṣu ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń wò.

"Ọjọ́ mẹ́fà," ó ní. "Ìró ló ṣáájú. Àlejò tí mò ń retí, ilé ìyá mìíràn ni wọ́n yà sí."

Mo ní, "Mo ti sọ fún ọ pé irọ́ ni."

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ sì gbọ́ ohun tí ọmọ sọ."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó se iṣu méje náà, ó gún un, ó fi ṣe sàráà. Iyán náà kò fà, nítorí iṣu kò gbó. Àlùfáà bi wá pé kí ni òun yóò pe olóògbé náà nínú àdúà, nítorí ọmọ kò dá orúkọ rẹ̀. Ìyá ọmọ ní, "Ẹ pè é ní ọmọ ìyá rẹ̀." Tata wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jẹ díẹ̀. Èmi náà jẹ. N kò tíì jẹ ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti jẹ òkúta rí, ní Sanson, nítorí ìjìyàn.

Ọyẹ́ ti dé báyìí. A ti wa gbogbo oko tán, ó ku ebè mẹ́tàlá ní ìparí aporo. Ewé wọn ti gbẹ, ikán yóò sì bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Ọmọ kò tíì pè láti ọjọ́ náà. Ìyá ọmọ ń jẹun, níwọ̀nba. Ó ń dá mi lóhùn bí mo bá bi í ní nǹkan. Kì í ké iye tó kà síta láti ibi ààrò mọ́, n kì í sì í bi í.

Mo máa ń jókòó sí ìta nírọ̀lẹ́, mo kọjú sí òkè. Èmi tó mọ mítà òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún, èmi tó gbé etí lé irin, èmi tó dá òfin náà sílẹ̀ lábẹ́ igi kajú nítorí agbada kóró tó dà. Bí nǹkan bá ti tàn báyìí nínú eruku ọyẹ́, ìka mi yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń bẹ ìró náà pé kó má yára. Mo gbọ́ tí ìyá ọmọ dá odó dúró nínú ilé, mo mọ̀ pé òun náà ń kà. Iye wa kì í bá ara mu, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnìkejì.